ESP32 DevKit: Bọ́ọ̀dù Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Rà Tẹ̀lé Arduino Uno

Ẹni tó bá ra àpótí ohun èlò ìbẹ̀rẹ̀ Arduino, ìyẹn bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí láti darí iná, mọ́tò àti irú wọn, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ inú ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá, máa ń dé oríta kan tí ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ti mú kí LED máa tàn kó sì máa kú, ó ti ka ooru yàrá láti ara DHT11, ó ti yí mọ́tò kékeré tí à ń pè ní servo SG90 sọ́tùn-ún sósì, ó sì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú LCD. Síbẹ̀ kò tíì sí ohun kan nínú ilé rẹ̀ tó ń lo ohun tó kọ́, nítorí pé bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti parí ni yóò tú u kúrò lórí breadboard, pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀, tí yóò sì kó o padà sínú àpótí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ohun tó kàn ni kí wọ́n ra àpótí mìíràn tó tóbi jù ú lọ, irú èyí tí wọ́n kó oríṣi sensor (ohun tó ń mọ ooru, ìmọ́lẹ̀ àti irú wọn) 37 sí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ohun kan ṣoṣo tí yóò máa ṣiṣẹ́ nìṣó nígbà tí òun kò sí nítòsí rẹ̀, tí yóò fara da kí iná lọ kó sì dé, tí àwọn ará ilé yóò sì máa rí ìwúlò rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí mo rí pé ó bá ìgbésẹ̀ yìí mu jù lọ ni ESP32 DevKit ẹlẹ́sẹ̀ 30 (ẹsẹ̀ ni àwọn irin tínrín tí a ń so wáyà mọ́), òun náà sì ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, àti dáadáa rẹ̀ àti àléébù rẹ̀, nítorí pé àwọn àléébù kan wà lára rẹ̀ tí àwọn tó ń tà á kì í sọ.

Ó tọ́ kí n kọ́kọ́ fún Arduino Uno ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Interaction Design Institute tó wà ní ìlú Ivrea ní Ítálì ni iṣẹ́ Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ lè máa lo microcontroller, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré inú ègé kan, láìsí wàhálà, Uno fúnra rẹ̀ sì jáde ní 2010. Èrò yẹn ṣì hàn gbangba lára rẹ̀. Fóltì 5 ni àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lò, èyí tó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ sensor olówó pọ́ọ́kú mu, ó sì ń fara da ọ̀pọ̀ ìwà àìmọ̀kan tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń hù sí i. Ṣùgbọ́n ATmega328P, ọpọlọ tó wà nínú Uno R3, kò ní ju kìlóbáìtì 2 lọ fún ìrántí ojú iṣẹ́ àti kìlóbáìtì 32 fún kóòdù, kò ní Wi-Fi, kò sì mọ aago tó lù. Bí ènìyàn bá fẹ́ kó ránṣẹ́ sí fóònù, àfi kó ra bọ́ọ̀dù kékeré mìíràn so mọ́ ọn, kó sì máa bá wáyà jà. Kì í ṣe pé Uno kò dára, ibi tí wọ́n ní kó gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé ló ti gbé e dé.

Ilé-iṣẹ́ Espressif tó wà ní Shanghai ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló ṣe ESP32, ó sì bọ́ sọ́jà ní ọdún 2016. Ohun tí à ń pè ní DevKit ni bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbé WROOM-32, ìyẹn pálí onírin kékeré tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, lé lórí, pẹ̀lú ihò USB, ohun tó ń sọ fóltì 5 di 3.3, àti bọ́tìnnì méjì tí wọ́n kọ EN àti BOOT sí lára. Ọpọlọ méjì ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n lè sáré dé 240 MHz, nígbà tí Uno ń sáré ní 16 MHz. Ìrántí ojú iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlóbáìtì 520, ibi tí kóòdù àti àkọsílẹ̀ ń gbé sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 4. Wi-Fi àti Bluetooth wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ti wá. Pẹ̀lú gbogbo èyí, owó rẹ̀ máa ń kéré sí ti ojúlówó Uno.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, ìtumọ̀ àwọn iye wọ̀nyí ni pé ojú-ìwé tí a ń fi fóònù ṣí lè máa gbé inú bọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀. ESP32 lè dá Wi-Fi tirẹ̀ sílẹ̀, kí fóònù so mọ́ ọn, kí a tẹ 192.168.4.1 sínú ibi àdírẹ́sì, kí a sì rí ohun tí sensor ń sọ, láìná dátà kankan àti láìsí router nínú ilé. Mo ka èyí sí ohun ńlá ní ilẹ̀ wa tí dátà ti wọ́n. Ó tún lè kọ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ pa mọ́ sínú ara rẹ̀, kí iná tó lọ má sì pa á rẹ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, ó lè béèrè aago lọ́wọ́ pool.ntp.org, ìlà kan péré ni kóòdù rẹ̀, níbi tí a ti ń kọ 3600 fún wákàtí kan tí aago Nàìjíríà fi ṣáájú ti Greenwich, tí a sì ń kọ òdo tẹ̀lé e nítorí pé a kì í yí aago padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí nígbà òjò.

Ibi tí ẹni tó ti Uno wá yóò ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni fóltì. Ẹsẹ̀ ESP32 kò gbọ́dọ̀ gba ju fóltì 3.3 lọ, ìwé ilé-iṣẹ́ náà fi ààlà rẹ̀ sí 3.6, kò sì sí àyè fún fóltì 5 níbẹ̀ rárá. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn fi 5 sí i tí kò sì jóná. Ó lè má jóná lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi bọ́ọ̀dù tó fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dán irú rẹ̀ wò. Ẹ wo HC-SR04, sensor tó ń fi ohùn tí etí kò gbọ́ wọn ọ̀nà jíjìn, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìbẹ̀rẹ̀. Fóltì 5 ló ń jẹ, bó bá sì fẹ́ dáhùn, fóltì 5 náà ló ń rán jáde láti ẹsẹ̀ Echo. A ní láti fi resistor, ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà, méjì dín in kù: 1 kilo-ohm láti Echo dé ẹsẹ̀ ESP32, àti 2 kilo-ohm láti ẹsẹ̀ yẹn kan náà dé GND, ìyẹn ẹsẹ̀ tí fóltì rẹ̀ jẹ́ òdo. Ìdá méjì nínú mẹ́ta fóltì 5 ni yóò kù, ìyẹn 3.3. Ẹsẹ̀ Trig, tí a fi ń pe sensor náà sí iṣẹ́, kò nílò irú rẹ̀, nítorí pé fóltì 3.3 tí ESP32 ń fi ránṣẹ́ tó fún sensor náà láti gbọ́.

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé òun gan-an ni ìdí tí mo fi yan bọ́ọ̀dù yìí. Nínú ìwé àpótí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí a fi resistor 220 ohm síbí, a ó fi síbẹ̀, a kò sì ní béèrè ìdí. Lórí ESP32, ẹni tí kò bá lóye bí resistor méjì ṣe ń pín fóltì láàárín ara wọn kò ní lè tẹ̀ síwájú, ẹni tó bá sì lóye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò máa lò ó títí ayé, ìbáà jẹ́ láti wọn agbára bátìrì, láti ka ìmọ́lẹ̀ láti ara LDR, tàbí láti mọ̀ bóyá iná NEPA ti dé. Ìmọ̀ tí ń bẹ nídìí iṣẹ́ náà ni bọ́ọ̀dù yìí ń fi dandan béèrè, ó sì ń béèrè rẹ̀ ní àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lágbára tó láti gbà á.

Àléébù kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù kò sì fi èyí hàn. Ẹsẹ̀ 34, 35, 36 àti 39 kò lè rán nǹkan jáde, gbígbà nìkan ni tiwọn, wọn kò sì ní resistor abẹ́nú tí bọ́tìnnì máa ń nílò. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ 38, wọ́n yọ ẹsẹ̀ 6 dé 11 jáde síta, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn ni WROOM-32 fi ń bá ilé kóòdù rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí a fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó máa ń da ènìyàn láàmú jù lọ ni ẹsẹ̀ 12. Bí ohun tí a so mọ́ ọn bá gbé fóltì sókè ní ìṣẹ́jú àáyá tí bọ́ọ̀dù ń jí, bọ́ọ̀dù yóò rò pé fóltì 1.8 ni ilé kóòdù rẹ̀ ń jẹ, kò sì ní jí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ó ti jóná. Bó bá yọ wáyà kan ṣoṣo yẹn, yóò padà ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi 4, 13, 14, 16 dé 19, 21 dé 23, 25 dé 27, 32 àti 33 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 21 àti 22 sílẹ̀ fún àwọn sensor àti ojú àfihàn tó ń lo I2C, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi wáyà méjì bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ wíwọn fóltì kékeré náà wà níbẹ̀. Ìwé sọ pé ESP32 lè pín fóltì tó ń wọlé sí ọ̀nà 4096, nígbà tí Uno ń pín tirẹ̀ sí 1024, ṣùgbọ́n pípọ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ já sí òótọ́, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í tọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá àti ní òkè pátápátá. Bákan náà, àwọn ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ADC2, ọ̀kan nínú apá méjì tí ESP32 fi ń wọn fóltì, kì í lè wọn fóltì nígbà tí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹsẹ̀ 32 sí 39 nìkan ló yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ìyàtọ̀ tó kéré gan-an yóò nílò ADS1115, tó ń dá wọn fóltì fúnra rẹ̀. Lórí kókó yìí, Uno sàn jù ú, mi ò sì ní fi í pa mọ́.

Ní ti kóòdù kíkọ, Arduino IDE kan náà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ni yóò máa lò, èyí sì jẹ́ àǹfààní púpọ̀, nítorí pé àwọn àṣẹ bíi pinMode, digitalWrite àti Serial.println kò yí padà. Ó kàn ní láti wá esp32 tí Espressif kọ nínú Boards Manager, kó sì gbé e wọlé. Ó tóbi, nítorí náà ibi tí Wi-Fi ọ̀fẹ́ wà ló dára jù láti ṣe é. Ohun kan wà tó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà láti ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀dà 3.0 jáde: wọ́n yọ ledcSetup àti ledcAttachPin, àwọn àṣẹ tí a fi ń dín ìmọ́lẹ̀ LED kù tàbí fi kún un, kúrò, wọ́n sì fi ledcAttach rọ́pò àwọn méjèèjì. Àìlóǹkà fídíò àti àpẹẹrẹ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe ṣáájú àkókò yẹn, nítorí náà bí kóòdù tí ẹ dà kọ láti ibẹ̀ bá kọ̀ láti wọlé, tí àṣìṣe náà sì dárúkọ ledcSetup, kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ẹ̀bi bọ́ọ̀dù.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń kọ Connecting tí kò sì kọjá ibẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì BOOT mọ́lẹ̀ títí kóòdù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn bọ́ọ̀dù kan ní ìwà yìí lójoojúmọ́, capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́) oní-10 microfarad tí a bá fi sáàárín EN àti GND sì sábà máa ń wò ó sàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ yẹ wáyà USB wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wáyà tí à ń fi ṣájì fóònù kò ní okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú, iná nìkan ni wọ́n ń gbé. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tilẹ̀ rí bọ́ọ̀dù, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ègé dúdú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò USB: CH340 tàbí CP2102 ló sábà máa ń jẹ́, kí ẹ sì wá driver, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, tó bá a mu. Bí ẹ bá ń lo hotspot fóònù, 2.4 GHz nìkan ni ESP32 yìí mọ̀; fóònù tí wọ́n ti yí hotspot rẹ̀ sí 5 GHz kò ní hàn sí i rárá.

Iṣẹ́ tí mo máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń kọ ìgbà tí iná NEPA dé àti ìgbà tó lọ sílẹ̀. Kò sí ilé tí kò ní rí ìwúlò rẹ̀, nítorí pé yóò lè sọ fún wọn iye wákàtí iná tí wọ́n rí lóṣù, kò sì sí ohun eléwu nínú rẹ̀ bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ. A kò ní fọwọ́ kan iná 230 rárá. Ṣájà fóònù tó dára kan ni a ó kì bọ ihò iná ara ògiri. Nígbà tí iná bá wà, yóò mú fóltì 5 jáde, a ó sì fi resistor méjì tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan dín in kù wọ ẹsẹ̀ kan. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá ga, iná wà. Bó bá wálẹ̀, iná ti lọ. Bátìrì ni yóò máa gbé ESP32 fúnra rẹ̀.

Ó rọrùn létí, àmọ́ ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò rí i pé gbogbo ohun tí ìwé àpótí ìbẹ̀rẹ̀ fò kọjá ló wà nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ, router náà yóò kú, Wi-Fi yóò sì já. Kóòdù rẹ̀ ní láti mọ bí yóò ṣe máa kọ àkọsílẹ̀ lọ láìsí Wi-Fi, kí ó sì tún so padà nígbà tí router bá jí. Bí a bá fi àṣẹ delay dúró de Wi-Fi, bọ́ọ̀dù kò ní rí i nígbà tí iná bá ṣẹ́jú lọ ṣẹ́jú dé, nítorí náà yóò kọ́ láti fi millis wo aago dípò kó máa sùn lójú iṣẹ́. Ṣájà náà lè fi fóltì díẹ̀ pa mọ́ sínú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti lọ, ohun tó máa mú kí àkókò tó kọ sílẹ̀ má ṣe déédéé. Resistor kan tó ń fa iná rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀ yóò yanjú rẹ̀. Bó bá ń kọ sínú ìrántí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ibẹ̀ di ògbólógbòó láìpẹ́, nítorí pé iye ìgbà tí a lè pa ojú kan rẹ́ ká tún un kọ ní òpin, nítorí náà ìgbà tí nǹkan bá yí padà nìkan ló yẹ kó máa kọ ọ́. Bó bá fi power bank gbé bọ́ọ̀dù náà, ó ṣeé ṣe kí ó rí i pé power bank ń pa ara rẹ̀ nígbà tí ESP32 bá sùn, torí ó rò pé kò sí ẹni tó ń jẹ iná lára òun mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro yìí tí ènìyàn lè rí lórí tábìlì láàárín wákàtí kan.

Bátìrì ló kàn, ibẹ̀ sì ni mo ti rí àléébù tó dùn mí jù lára DevKit. ESP32 fúnra rẹ̀ lè wọ oorun àsùnwọra, kó máa jẹ nǹkan bíi microamp 10 péré. Ṣùgbọ́n AMS1117 tó ń sọ fóltì 5 di 3.3 lórí ọ̀pọ̀ DevKit, pẹ̀lú iná pupa kékeré tí kì í kú àti ẹ̀rọ USB ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ń jẹ ọ̀pọ̀ milliamp lọ́sàn-án àti lóru, nítorí náà bátìrì tó yẹ kó lo oṣù yóò lo ọjọ́. AMS1117 yìí tún ń béèrè ju fóltì 4 lọ kó tó lè mú 3.3 jáde dáadáa, ìdí nìyẹn tí bátìrì lithium kan ṣoṣo onífóltì 3.7 kì í fi í tó fún VIN, ẹsẹ̀ tí iná ń gbà wọ bọ́ọ̀dù. Bí iṣẹ́ yín bá máa jẹ́ ti bátìrì pátápátá, ẹ wá bọ́ọ̀dù ESP32 tí wọ́n ṣe ihò bátìrì àti ẹ̀rọ ìṣájì sí lára, tí ẹni tó ń tà á sì lè fi iye tó ń jẹ nígbà oorun hàn yín.

Iṣẹ́ kejì tó bá ilé wa mu ni mímọ iye omi tó kù nínú tàǹkì. HC-SR04 kò ní pẹ́ nínú ọ̀rinrin tàǹkì. JSN-SR04T tí omi kì í wọ̀ ló yẹ, kí a sì rántí pé kì í ríran láàárín nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 àkọ́kọ́, nítorí náà a ní láti gbé e ga ju ibi tí omi máa ń kún dé lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: microsecond 58 tí ohùn bá lò lọ-bọ̀ dúró fún sẹ̀ǹtímítà kan. Níwọ̀n bí orí òpó ni tàǹkì wà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò tètè mọ rírì ArduinoOTA, tó ń jẹ́ kí ó gba Wi-Fi rán kóòdù tuntun lọ láìgun àkàbà. Bó bá wá fẹ́ kí bọ́ọ̀dù máa tan pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti dúró ná. Relay (switch tí bọ́ọ̀dù lè tan) búlúù kékeré tí wọ́n kọ ampere 10 sí lára kò yẹ fún mọ́tò pọ́ǹpù, nítorí pé iye iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó ń gbéra jẹ́ ìlọ́po púpọ̀ èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí. Contactor, switch ńlá tí wọ́n ṣe fún mọ́tò, ni ó yẹ kí relay náà máa tan, kí onímọ̀ iṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ sì bá a so ẹ̀gbẹ́ 230 rẹ̀.

Àwọn kan yóò béèrè ìdí tí mi ò fi mú Raspberry Pi Pico W. Bọ́ọ̀dù tó dára ni, ó jáde ní 2022 ní dọ́là 6, ìwé àlàyé rẹ̀ sì ṣe kedere ju ti Espressif lọ. Ẹni tí Python ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, tó sì fẹ́ MicroPython, irú Python tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀dù kékeré, kò ní kábàámọ̀ bó bá rà á. Ohun tó jẹ́ kí n gbé ESP32 síwájú rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti rí lọ́jà wa, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì pọ̀ gan-an nínú Arduino IDE tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Uno R4 WiFi tó jáde ní 2023 náà dára fún ẹni tí kò fẹ́ kúrò lórí fóltì 5, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti DevKit lọ dáadáa.

Ṣáájú kí ẹ tó náwó rárá, ẹ lọ sí Wokwi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ESP32 àfarawé kọ kóòdù níbẹ̀ kí ẹ sì wò ó bóyá iṣẹ́ náà wù yín. Lẹ́yìn náà, owó tí ẹ kò ná sórí àpótí onísensor 37, ẹ fi ra multimeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn fóltì, àti soldering iron, irin gbígbóná tí a fi ń jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù, irú èyí tí a lè yí ooru rẹ̀. Multimeter ni kó ṣáájú, kó tilẹ̀ ṣáájú ESP32 bí owó kò bá tó. Ẹni tí kò lè wọn fóltì tó wà lórí ẹsẹ̀ kan ń méfò ni. Ní ti lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà pọ̀, oríṣi 63/37 tó ń yọ́ ní ìwọ̀n 183 lórí Celsius ló rọrùn jù fún ọwọ́ tuntun. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe fa èéfín rẹ̀ símú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Bí ẹ bá ń ra bọ́ọ̀dù ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní Alábà, ẹ ní kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé kọ̀ǹpútà dá a mọ̀. Ẹ yí i wò lẹ́yìn bóyá wọ́n kọ orúkọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kedere. Ẹ wò ó bóyá àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ tàbí ẹ̀yin ni yóò jó wọn mọ́ ọn. Bọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ 38 sábà máa ń gbòòrò débi pé ó máa ń bo gbogbo ihò tí wáyà ìbá wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan breadboard, ó kéré tán, nítorí náà ẹlẹ́sẹ̀ 30 ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kì í fi ju ìlà ihò kan tàbí méjì sílẹ̀. Ẹ so breadboard méjì pọ̀, kí bọ́ọ̀dù jókòó sáàárín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ESP8266 fún yín ní orúkọ ESP32: wọ́n jọra lójú, àmọ́ ESP8266 kò ní Bluetooth, ọpọlọ kan péré ló ní, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì lè fi wọn fóltì.

Bí iṣẹ́ bá ti ṣe déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí breadboard, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wáyà breadboard máa ń tú díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì gbá tábìlì lásán lè ba àkọsílẹ̀ oṣù kan jẹ́. Ẹ gbé e sórí veroboard, pátákó oníhò tí a ń jó nǹkan mọ́, kí ẹ jó ìlà oníhò tí wọ́n ń pè ní female header mọ́ ọn láti máa kì DevKit bọ̀, kí ó lè ṣeé yọ bí nǹkan bá ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú sí i lè fi KiCad, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ya bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó gbé WROOM-32 nìkan lé e láìsí DevKit, kó sì fi ohun tí kì í jẹ bátìrì rọ́pò AMS1117. Nígbà tó bá ń yà á, kí ó gbé apá tí eriali WROOM wà sí etí bọ́ọ̀dù, kí ó má sì fi bàbà kankan sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé bàbà níbẹ̀ máa ń sọ Wi-Fi rẹ̀ di aláìlágbára.